Alàgbà Òtítọ́ àti Ìrẹsì Tí Kò Ní Òkúta

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ sì fi ẹ̀rín yín sápò ná, torí bí ẹ bá rín in tán sórí orúkọ ọkùnrin yìí, kí lẹ fẹ́ fi rín ìṣubú rẹ̀? Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni Olúdayọ̀ Akínbọ̀wálé, kò sì sí aburú kankan nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìlaró, níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá àwọn alábẹ̀wò ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn kò gbà á, tí ìyókù fi bọ́ sára ògiri: Alàgbà Ìjọ, Òpó Ìmọ̀, Bàbá Àwọn Tíṣà, Ìmọ́lẹ̀ Ilẹ̀ Yewa, Olúdayọ̀ Akínbọ̀wálé. Tíṣà tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kà á sókè kó tó kan ilẹ̀kùn. Bó bá fo ẹyọ kan, á tún un bẹ̀rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó kàn fẹ́ béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ̀ ni wọ́n ní kó kà á lọ́jọ́ kan. Ẹ má bi mí bóyá ó kà á tán.

Máíkà, akọ̀wé rẹ̀, ló ń fi òróró sí gbogbo rẹ̀. Bí Alàgbà bá sín, Máíkà á ní, “Ẹ kú ọgbọ́n, sà!” Bó bá yán, á ní, “Ẹ kú ìrònú, sà!” Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ Alàgbà yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó ṣubú lulẹ̀ gbì, Máíkà yára dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìrẹ̀lẹ̀, sà!”

Ẹyọ ohun kan ṣoṣo ni Alàgbà ń wá láyé yìí: àga ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, àga ti ṣófo, ọkàn Alàgbà kò sì sí nílé mọ́. Kódà bó bá jókòó sórí àga tirẹ̀ ní Ìlaró, etí etí ló ń jókòó sí, bí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ọdún tí ìjọba ti bodè pa nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Yewa lọ́dún náà, kò yẹ kí n máa sọ fún yín. Ìrẹsì Kútọnu di èèwọ̀, bẹntiróòlù di ohun tí wọ́n ń fi àtùpà wá kiri ní Ìjọun, àwọn ọlọ́kadà Ọjà-Ọ̀dàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú igbó tí ọ̀kẹ́rẹ́ gan-an ń bẹ̀rù. Alàgbà rí i pé àkókò tirẹ̀ ti dé. Ó pe gbogbo tíṣà jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ìlaró, ó ní kí wọ́n gbé àwo ìrẹsì ilẹ̀ wa wá síwájú òun.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ó ní, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan níbẹ̀ tó bí i lọ́mọ, “ẹni tó bá ń jẹ ìrẹsì fàyàwọ́, ọ̀dàlẹ̀ ni! Ẹni tí wọ́n bá bá ìrẹsì fàyàwọ́ nílé rẹ̀, kò yẹ lórí àga ìjọba kankan, ì báà ṣe àpótí! Èmi, ìrẹsì ilẹ̀ wa ni wọ́n fi já mi lẹ́nu ọmú, òun ni n ó sì jẹ dójú ikú!”

Ó bu ṣíbí kan ràgàjì, ó jù ú sẹ́nu. Káù! Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ. Òkúta ti pàdé eyín, òkúta kọ́ ló sì fọ́. Omi lé ròrò sójú Alàgbà. Ṣùgbọ́n níwájú ogunlọ́gọ̀ tíṣà, ta ni yóò tu nǹkan jáde? Ó gbé òkúta àti ààbọ̀ eyín mì pọ̀, ó ní, “Ó dùn!”

“Ẹ kú ìfaradà, sà!” Máíkà ké, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni Alàgbà fi ń jẹ ìrẹsì ilẹ̀ wa. Nígbà tó délé, ó pe Àpèkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. “Wá ìrẹsì tí kì í bá èèyàn jà fún mi,” ó ní, ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. “Má sọ ibi tó ti wá. Bí n kò bá mọ̀, n kò jẹ̀bi.”

Ọmọ Ìjọun ni Àpèkẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mọ ojú igbó bí ẹ ṣe mọ ọ̀nà ilé yín. Kò pẹ́ tí ìrẹsì Kútọnu fi dé, funfun gígùn, irú èyí tí èèyàn lè di ojú jẹ. Obìnrin náà gbọ́n. Ó da ìrẹsì Kútọnu yìí sínú àpò tuntun dídán kan tí wọ́n kọ ÌRẸSÌ ILẸ̀ WA sí lára gàdàgbà, kí aládùúgbò tó bá yọjú má baà rí nǹkan wí. Ojúlówó ìrẹsì ilẹ̀ wa, èyí tó ń sè fún àlejò, ó wà nínú àpò àgbàdo àtijọ́ kan tó ti ya létí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìkóúnjẹsí. Ẹ fi àpò méjèèjì yìí sọ́kàn. Alàgbà kò fi wọ́n sọ́kàn, torí kò wọ yàrá náà rí láyé rẹ̀. Àwo tó bá wá síwájú rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Wàyí o, wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì Tíṣà Hùmúàní Bàrúwà, nínú ilé-ìwé kan ní Ọjà-Ọ̀dàn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í sùn. Ìyá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ wà nílé lẹ́yìn ọjà, kò sì ní ẹlòmíràn. Bí aago ìsinmi bá ti lù, Tíṣà Hùmúàní á sáré lọ yí ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á fún un lómi, á sáré padà. Lọ́jọ́ tí Alàgbà wá bẹ ilé-ìwé náà wò, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé kẹrin ní ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeédìmú àti ọ̀rọ̀-orúkọ afòyemọ̀.

“Kí là ń pè ní aṣeédìmú?” Tíṣà béèrè.

“Ohun tí ojú rí, tí ọwọ́ lè dì mú!” àwọn ọmọ ké. “Tábìlì! Ewúrẹ́! Ọ̀kadà! Bàtà Tíṣà!”

“Afòyemọ̀ ńkọ́?”

“Ohun tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò lè dì mú, ṣùgbọ́n tí ọkàn mọ̀! Ìfẹ́! Ìbẹ̀rù! Sùúrù! Ìrètí!”

Ìgbà náà ni Alàgbà wọlé. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n ka orúkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ jókòó sinmi láàárín kó tó bá wọn parí rẹ̀.

“Tíṣà,” Alàgbà ní, “Sùúrù tí ẹ dárúkọ yẹn, níbo ló wà? Ẹ gbé e wá kí n rí i.”

“Sà, kò ṣeé gbé. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní afòyemọ̀ nìyẹn.”

“Kò ṣeé gbé kẹ̀? Ohun tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò bà, tí imú kò gbóòórùn rẹ̀, irọ́ ni! Ìjọba kò gbà yín síṣẹ́ kí ẹ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́! Lábẹ́ tèmi, gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ pátá ló gbọ́dọ̀ jáde síta kí ojú rí wọn!”

“Ẹ kú ìjìnlẹ̀, sà!” Máíkà ní.

Tíṣà Hùmúàní kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. “Ẹ má bínú, sà. Alàgbà Ìjọ ni yín. Ọlọ́run tí ẹ ń sìn, ṣé ẹ ti fojú rí I rí, sà?”

Háà! Ọmọ kan fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Alàgbà la ẹnu, ó pa á dé, ó tún un là, afẹ́fẹ́ sì ń súfèé gba àlàfo eyín rẹ̀ jáde.

“Ìjọun!” ó ké níkẹyìn. “Mo fẹ́ ṣe Ọjọ́ Àfihàn kan nínú ọgbà ilé-ìwé yìí gan-an, kí ẹ lè rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní afòyemọ̀. Bí a bá ti ṣe é tán, Ìjọun ni mò ń gbé yín lọ! Ẹ lọ máa wá Sùúrù yín kiri níbẹ̀!”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” Tíṣà Hùmúàní ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ìyá mi kò lè dìde. Èmi nìkan ló ní.”

“Ṣebí aṣeédìmú ni ìyá yín? Ẹ gbé e dání!”

Ẹ̀rín tí Máíkà rín sí ọ̀rọ̀ yẹn kò tán títí wọ́n fi dé Ìlaró. Tíṣà Hùmúàní bọ́jú lẹ́nu ìkòkò omi, ó padà síwájú kíláàsì. Ìwà ìkà ni Alàgbà hù, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bọpo bọyọ̀.

Alàgbà ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Ìdáhùn wá: aṣojú Kọmíṣọ́nà ń bọ̀ ní Ọjọ́ Àfihàn, ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè náà á sì bá a wá. Bí inú aṣojú bá dùn, àga ti di ti Alàgbà nìyẹn. Ìmọ̀ràn tó sì dá fún ọjọ́ náà rèé, ẹ di ìbàdí mú: bí Ìfẹ́ kò bá ṣeé rí, kí èèyàn kan wọ ọ̀já tí wọ́n kọ ÌFẸ́ sí, kó gbé e kọ́ èjìká, kó jáde kí àwọn ọmọ wò ó. Ìfẹ́ ti di rírí nìyẹn!

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Gbogbo wọn ló fẹ́ jẹ́ Ọlá. Àwọn mẹ́ta ló ń du Ọgbọ́n, wọ́n sì ju àga lu ara wọn títí Ọgbọ́n fi di ti ẹni tí orí rẹ̀ le jù. Ìyá tó ń tọ́jú sítóò, tí kò kí ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ Àjíǹde, ló gba Ìfẹ́. Ìgboyà bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń bẹ̀rù aláǹgbá. Kò sẹ́ni tó gbà láti jẹ́ Ojúkòkòrò. Wọ́n ní irú rẹ̀ kò sí ní ọ́fíìsì àwọn.

Ó wá ku Òtítọ́. Alàgbà fọwọ́ gbá àyà. “Òtítọ́,” ó ní, “èmi ni.”

“Ta ni ì bá tún jẹ́, sà?” Máíkà ní, omi lójú.

Ọ̀já Òtítọ́ gùn ju ti gbogbo wọn lọ. Funfun báláú, ó ń wọ́ nílẹ̀ tuurutu. Alàgbà fúnra rẹ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n máa ké bí Òtítọ́ bá dúró síwájú wọn: “Òtítọ́, Òtítọ́, kí lẹ rí, sà?” Ó ní kí wọ́n fi sà sí i, torí Òtítọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Bí Òtítọ́ kò bá tíì dáhùn, kí wọ́n tún un bi í, kí wọ́n má ṣe dákẹ́ títí yóò fi dáhùn. Ó kọ́ wọn, ó kọ́ wọn, títí tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá wú ikọ́ létí wọn, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ ké nìyẹn.

Sùúrù nìkan ló ṣòro. Àwọn tó fẹ́ jẹ́ ẹ kò lè dúró kó kàn wọ́n. Alàgbà ronú, ó sì fò sókè. “Ìrẹsì!” ó ní. “Kí ló kún inú ìrẹsì ilẹ̀ wa?” Ahọ́n rẹ̀ ti wọ inú àlàfo eyín lọ dáhùn. “Òkúta! Àwọn ọmọ á jókòó ti àtẹ níwájú aṣojú, wọ́n á máa ṣa òkúta níkọ̀ọ̀kan. Òkúta tí wọ́n bá ṣa, Sùúrù nìyẹn: ẹ rí i, ẹ dì í mú! Láti inú ilé mi ni n ó sì ti gbé ìrẹsì náà wá, kí ayé lè mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ ilẹ̀ mi!”

“Ẹ kú...” Máíkà ní, ọ̀rọ̀ há a lọ́fun nítorí ayọ̀, “ẹ kú gbogbo ẹ̀, sà!”

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, Àpèkẹ́ ti gba ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ lọ ní Ajílété, ó ní òun á bá wọn lọ́sàn-án ní Ọjà-Ọ̀dàn. Alàgbà ti wọ ọ̀já Òtítọ́ kó tó jẹun. Òun àti Ṣàíbù awakọ̀ rẹ̀ bá wọ yàrá ìkóúnjẹsí, wọ́n rí àpò méjì.

“Èwo ni ká gbé, sà?” Ṣàíbù béèrè. “Àbí ká pe Màmá lórí fóònù?”

“Kí n pe obìnrin kó wá sọ fún mi ohun tí ojú mi ń wò? Ṣàíbù, lo làákàyè. Ohun tó bá gba ojú igbó wá, ẹ̀gún á ti fà á ya, á ti dọ̀tí. Ìyẹn rèé lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èyí tó mọ́ tónítóní yìí, tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ gàdàgbà, kí ló tún kù? Ohun tí ojú bá ti rí náà ló jẹ́!”

“Ó dáa, sà,” Ṣàíbù ní, ó sì gbé àpò dídán náà sínú mọ́tò. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ dákẹ́ ariwo. Bí ẹ ké bí ẹ bú, kò lè gbọ́ yín.

Ọgbà ilé-ìwé kún. Aṣojú Kọmíṣọ́nà, ìyá kan tó gbé gíláàsì lé imú tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jókòó lábẹ́ ìbòòji níwájú. Ọ̀gá aṣọ́bodè jókòó tì í. Àwọn òbí kún ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn pátápátá ni Tíṣà Hùmúàní wà. Ó ti di ẹrù rẹ̀ nílé, ohun tí kò tíì mọ̀ ni ọlọ́kadà tó máa gbà láti gbé ìyá rẹ̀.

Alàgbà sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yí ibùjókòó padà. “Lónìí,” ó ní, “ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé kò rí, ọmọ Ọjà-Ọ̀dàn yóò rí i! Ìfẹ́ yóò rìn! Ọlá yóò mí! Jáde, ẹ̀yin afòyemọ̀!” Àwọn afòyemọ̀ sì jáde. Ìfẹ́ tẹ ọ̀já Ọlá mọ́lẹ̀, Ọlá pe ìyá Ìfẹ́ ní orúkọ kan tí n kò ní kọ síbí, Ìfẹ́ sì gbá a létí. Ọgbọ́n fẹ́ là wọ́n, ó jẹ nínú rẹ̀. Ìgboyà rí aláǹgbá lára ògiri, ó bá ẹ̀yìn lọ. Wọn kò rí i mọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n. Aṣojú kàn ń tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe.

Alàgbà yára na ọwọ́ sí àpò dídán. “Ẹ gbàgbé àwọn yẹn! Sùúrù rèé! Láti inú ilé mi ni mo ti gbé e wá, inú yàrá ìkóúnjẹsí mi, èyí tí èmi àti aya mi ń jẹ! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣa òkúta!”

Wọ́n da ìrẹsì sórí àtẹ. Àwọn ọmọ tẹ̀ mọ́ ọn. Ta ni yóò kọ́ ọmọ Ọjà-Ọ̀dàn bí wọ́n ṣe ń ṣa òkúta ìrẹsì? Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé lójoojúmọ́ ni, pẹ̀lú ìgbátí. Wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n fi ìka tú u. Wọ́n wo ara wọn lójú. Habeebah, ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú, na ọwọ́ sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, a kò rí Sùúrù.”

“Ẹ wá a dáadáa!”

Wọ́n tún un tú. Wisdom, tó jókòó ti Habeebah, mi orí. “Sà, Sùúrù kò sí nínú eléyìí rárá.”

Àwọn ìyá tó wà láàárín àwọn òbí ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Ìyá àgbà kan dìde, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ ẹ. “Ìrẹsì tí kò ní òkúta,” ó ní, “ọmọ ilẹ̀ wo ni?”

Ahọ́n Alàgbà tún wọ inú àlàfo eyín rẹ̀, ó sì rántí. Ó rántí gbogbo àwo tó ti jẹ láìbá ìjà pàdé láti ìgbà yẹn. Àga Abẹ́òkúta ń lọ, ó ń wò ó! Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún ìdí ọ̀já rẹ̀ ṣe, ó bu yangí nílẹ̀, ó na ọwọ́ lé àtẹ. “Ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà sí i,” ó ní, ó sì di ojú. Kùrù, kùrù, kùrù. “Àmín! Ẹ wá a wò báyìí!”

Habeebah mú ẹyọ kan, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. “Sà, yangí inú ọgbà wa ni. Ó ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́, sà.”

Gbogbo èèyàn wo ọwọ́ Alàgbà. Ó pupa yòò.

Ọ̀gá aṣọ́bodè dìde, ó ki ọwọ́ bọ inú àpò dé ìgbọ̀nwọ́, ó bu ìrẹsì jáde, ó gbé e símú. Imú yẹn ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. “Alàgbà,” ó ní, “níbo lẹ ti rí ìrẹsì yìí?”

Alàgbà yíjú sọ́dọ̀ èrò, ó la ẹnu. Àwọn ọmọ sì rí Òtítọ́ tó dúró síwájú wọn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n kọ́ wọn.

“Òtítọ́, Òtítọ́, kí lẹ rí, sà?”

“Ẹ... ẹ káre, ẹ̀yin ọmọ. Ó ti tó.”

“Òtítọ́, Òtítọ́, kí lẹ rí, sà?”

“Mo ní ó ti tó! Máíkà, sọ fún wọn!”

Máíkà dìde. “Ẹ kú...” ó ní. Ó wá ọ̀rọ̀ lókè, ó wá a nílẹ̀. Ó jókòó padà.

“ÒTÍTỌ́, ÒTÍTỌ́, KÍ LẸ RÍ, SÀ?”

Ibi tí Òtítọ́ ti ń làágùn yìí ni ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí Àpèkẹ́ sọ̀ kalẹ̀, aṣọ ìpàdé rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó rí àpò. Ó káwọ́ lérí.

“Yéè, mo gbé! Ta ló gbé ìrẹsì ẹnu Alàgbà wá síta? Ìrẹsì àlejò ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú àpò tó ya! Ṣé ẹ mọ ohun tí ojú àwọn ẹ̀gbọ́n mi rí nínú igbó kí èyí tó dé ni?”

Ẹ wò ó, ẹ̀rín tó bú jáde lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lójú ọjà gbọ́ ọ, wọ́n rò pé wọ́n ti ṣí bodè. Aṣojú Kọmíṣọ́nà bọ́ gíláàsì, ó nu ojú rẹ̀, ó gbé e padà. “Alàgbà,” ó ní, “a gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ní Ìlaró. Ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí wọ́n bá bá ìrẹsì fàyàwọ́ nílé rẹ̀, kò yẹ lórí àga ìjọba kankan.”

“Ì báà ṣe àpótí, mà,” tíṣà àgbà kan bá a parí rẹ̀ látẹ̀yìn.

Alàgbà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀já funfun ń fò lẹ́yìn rẹ̀. Habeebah tẹ ìdí ọ̀já náà mọ́lẹ̀, ó ya pẹ́rẹ́, Alàgbà kò wẹ̀yìn. Òtítọ́ kò sì tíì dáhùn, nítorí náà àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, ilé-ìwé kan odidi, wọ́n ń bi í léèrè gba ojú ọjà kọjá. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Wọn kò sọ ohun tó yẹ ká ṣe bó bá jẹ́ Òtítọ́ gan-an ló ń sá lọ.

Ọ̀gá aṣọ́bodè gbé àpò ìrẹsì náà lọ. Aṣojú ń lọ sídìí mọ́tò, ló bá rí Tíṣà Hùmúàní tó dá dúró lẹ́yìn. “Ẹ̀yin ńkọ́, tí ojú yín fà ro báyìí?”

“Ìjọun ni wọ́n ní kí n lọ, mà. Mo ní ìyá tó dùbúlẹ̀ àìsàn níbí.”

“Ta ló ní kí ẹ lọ?”

“Òtítọ́ ni, mà.”

Aṣojú rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. “Òtítọ́ ti lọ. Ẹ padà sí kíláàsì yín.”

Àga Abẹ́òkúta di ti ẹlòmíràn. Ti Ìlaró pàápàá di ti ẹlòmíràn. Wọ́n fi ọ̀dà funfun pa orúkọ gígùn náà rẹ́ lára ilẹ̀kùn, ọ̀dà kò sì tó ògiri. Wọ́n ní Máíkà ti ń kí ọ̀gá tuntun kú ọgbọ́n. Ní ti Alàgbà, ilé ló wà, ìrẹsì inú àpò tó ya ni Àpèkẹ́ ń sè fún un, ó sì ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Ọjọ́ Àfihàn, Tíṣà Hùmúàní dúró síwájú pátákó. “Ta ló lè fún mi ní afòyemọ̀ mìíràn? Ohun tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò lè dì mú?”

“Ìtìjú, mà!” Wisdom ké.

“O káre.”

“Kì í ṣe afòyemọ̀, mà,” Habeebah ní, ó ti dìde. “Gbogbo wa la rí i. Ó gba ojú ọjà kọjá.” Ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì, ó fa àjákù aṣọ funfun kan yọ. “Mo tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dì í mú.”

Tíṣà Hùmúàní fẹ́ le ojú, kò ṣeé ṣe. Ó kọjú sí pátákó kí wọ́n má baà rí i, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì, wọ́n sì rí i. Nígbà tí aago ìsinmi lù, ó sáré lọ sílé lẹ́yìn ọjà, ó yí ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó fún un lómi, ó sì sọ ohun tí Habeebah wí fún un. Ìyá fi apá kan ẹnu tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu rẹ́rìn-ín, ó ní kó tún un sọ.